Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Sáfà Linux: Ẹ Bi Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Gba Ìròyìn

Ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Màpó, títí dé Ọjà'ba, ẹnu ọ̀gá ni ọmọṣẹ́ ti ń gbọ́ iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀gá ló sì ń wò. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí aránṣọ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí wọ́n ń bójú tó sáfà ilé-ìwé, ti ilé ìtẹ̀wé àti ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ṣe ń kọ́ ọ. Ọ̀nà tó dára ni. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ọ̀gá bá gba irọ́ gbọ́, ọmọṣẹ́ á jogún irọ́ náà mọ́ iṣẹ́.

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń tọ̀ lọ fún iṣẹ́: òun ló ń tọ́jú fáìlì, òun ló ń gbé ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù jáde, òun ló ń pín ìbéèrè fún ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. Linux ló ń darí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní ìlú Helsinki, ló kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìtàn oríṣiríṣi sì ti ń lẹ̀ mọ́ ọn láti ìgbà náà. Kò yẹ ká bú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó gba àwọn ìtàn náà gbọ́, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n sáfà Linux ní ìwà kan tó ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ ènìyàn: ó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í bu iyọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rí wọn ọ̀rọ̀ tó ń kiri ìgboro wò.

“Linux kì í kó fáírọ́ọ̀sì. Ẹ gbé e síbẹ̀, kò sóhun tó lè ṣe é.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì tó ń da Windows láàmú kì í rí ibi dúró sí lórí Linux. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lé fáírọ́ọ̀sì kúrò lórí fílàṣì oníbàárà yóò gbọ́ èyí, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n olè tó ń wá Linux kì í gba orí fílàṣì wọlé. Páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ kò yí padà ló ń bá wọlé.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2016, ètò burúkú kan tó ń jẹ́ Mirai bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn kámẹ́rà àti ráútà tó ń lo Linux kiri. Kò ní ọgbọ́n àrà kankan. Páásíwọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi sí ẹ̀rọ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn ló ń dán wò, irú bíi “admin” àti “12345”. Àkójọ tó ń lò kò ju nǹkan bí ọgọ́ta lọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó kó sábẹ́ rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ya bo Lonestar, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Làìbéríà, títí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà rẹ̀ fi dákú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ẹni tó ṣe é sẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Ìwà ọ̀lẹ àwọn tó ni ẹ̀rọ, tí wọn kò yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ló fún Mirai lágbára.

“Ta ló mọ sáfà mi ní Bẹyẹrúnká? Bánkì ni wọ́n ń wá.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọn kò wá yín. Gbogbo ayé ni wọ́n ń wá, ẹ̀yin náà sì wà láyé. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti ìran àkọ́kọ́ tí a ṣì ń lò káàkiri kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ṣe ohun èlò kan tí wọ́n pè ní ZMap. Láti orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ó lè kan ilẹ̀kùn kan náà lára gbogbo àdírẹ́sì wọ̀nyí láàárín ìṣẹ́jú 45. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ Bẹyẹrúnká yàtọ̀ sí New York. Nọ́ńbà nìkan ló ń kà.

Bí sáfà yín bá ní àdírẹ́sì tí ayé lè rí, ẹ tẹ `sudo journalctl -u ssh --since today` kí ẹ sì kà á. Ẹ máa rí àwọn tó ń gbìyànjú láti wọlé ní orúkọ root, admin, test àti ubuntu, láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ kò dé rí, lóru tí ẹ sùn lọ. Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `sudo ss -tlnp` láti mọ iye ilẹ̀kùn tó ṣí. Èyí tó bá kọ 127.0.0.1 síwájú, inú sáfà nìkan ló ṣí sí. Èyí tó bá kọ 0.0.0.0, ìta ló ṣí sí. Bí ibi tí ẹ ń kó orúkọ àti owó ọmọ ẹgbẹ́ sí, yálà MySQL tàbí PostgreSQL, bá wà lára èyí tó ṣí sí ìta, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín lónìí nìyẹn. Ẹ lo `ufw` láti ti ohun tí kò yẹ kó ṣí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tẹ `sudo ufw allow OpenSSH` kí ẹ tó tẹ `sudo ufw enable`. Ẹni tó bá yí i po, tó sì wà níbi tó jìnnà sí sáfà, ti ti ara rẹ̀ mọ́ta.

“Mo ti yí pọ́ọ̀tù 22 padà, kò sẹ́ni tó lè rí mi mọ́.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé yíyí pọ́ọ̀tù 22, ilẹ̀kùn SSH tí a ń gbà wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, padà máa ń dín ariwo inú àkọsílẹ̀ kù, ìyẹn náà sì ní àǹfààní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tù tó wà kò ju 65,535 lọ. Ẹ̀rọ tó lè ka gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jẹ àmàlà tán kò ní fi ìyẹn ṣe ìṣòro. Ibi ìfarapamọ́ kì í ṣe àgádágodo.

Àgádágodo tòótọ́ ni kọ́kọ́rọ́ SSH. Tatu Ylönen ló ṣe SSH ní ọdún 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan ti yọ́ jí páásíwọ́ọ̀dù gbà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tara yín, ẹ tẹ `ssh-keygen -t ed25519`, ẹ fún kọ́kọ́rọ́ náà ní ọ̀rọ̀ àṣírí, kí ẹ sì fi `ssh-copy-id` gbé ìdajì tí gbogbo ayé lè rí lọ sórí sáfà. Ìdajì kejì kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ wọlé, tó sì gbà, ìgbà náà ni kí ẹ kọ `PasswordAuthentication no` sínú ètò SSH.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fáìlì `sshd_config`, wọ́n á rò pé ó ti parí, páásíwọ́ọ̀dù á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tó fà á ni pé èyí tí SSH bá kọ́kọ́ bá pàdé ló ń gbà. Lórí Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà Linux, àwọn fáìlì inú `/etc/ssh/sshd_config.d` ló máa ń kọ́kọ́ kà, ọ̀kan nínú wọn sì lè ti kọ “yes” síbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ má gba ohun tí ẹ kọ gbọ́, ẹ bi SSH fúnra rẹ̀: `sudo sshd -T | grep -i passwordauth`. Ẹ fi `sudo sshd -t` wá àṣìṣe, kí ẹ tó tẹ `sudo systemctl reload ssh`. Ẹ má ti fèrèsé tí ẹ fi wọlé tẹ́lẹ̀ pa títí ẹ ó fi ṣí òmíràn, tí òun náà á sì wọlé.

“Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, má fọwọ́ kàn án.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí àtúnṣe tuntun ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ rí, tàbí ẹni tí dátà ti gbọ́n lápò gbẹ. Ṣùgbọ́n sáfà tí ẹ kò fọwọ́ kàn kì í dúró sójú kan. Ihò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lánàá ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní ọdún 2017, wọ́n gbé àtúnṣe kan jáde ní oṣù Kẹta fún Apache Struts, ohun èlò tí a fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù. Ilé-iṣẹ́ Equifax ní Amẹ́ríkà kò fi í sórí ọ̀kan lára ẹ̀rọ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn olè gba ibẹ̀ wọlé, àṣírí nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 ènìyàn sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, ẹ rántí ìdánwò JAMB ti ọdún 2025. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù Karùn-ún, àwọn òbí figbe ta. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB jáde sí gbangba ní Àbújá, ó gbà pé àṣìṣe wà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ibùdó ìdánwò 157 nínú 887 lọ̀rọ̀ náà kàn, ọmọ tó sì kàn jẹ́ 379,997, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Àlàyé tó ṣe ni pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ kò fi àtúnṣe tó yẹ sórí àwọn sáfà tó ń pín ìdánwò ní agbègbè náà, wọn kò sì rí i títí èsì fi jáde. Àwọn ọmọ náà ní láti tún ìdánwò ṣe. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀rọ kò kú, iná kò lọ, gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Àtúnṣe tí kò dé orí àwọn sáfà kan ló da oorun ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó rú.

Nítorí náà, ẹ máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é pẹ̀lú ètò. Ẹ tẹ `sudo apt update`, kí ẹ sì tẹ `apt list --upgradable` láti mọ ohun tó ń bọ̀ kí ẹ tó tẹ `sudo apt upgrade`. Bí sáfà bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ dán an wò lórí ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ rí i dájú pé ó dé orí gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí `unattended-upgrades` máa fi àtúnṣe ààbò sí i fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí fáìlì `/var/run/reboot-required`, ẹ yan àkókò tí ẹnikẹ́ni kò sí nídìí iṣẹ́, kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tan, torí pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ṣì ni ti àtijọ́. Ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú: Ubuntu LTS ní ọdún márùn-ún àtúnṣe ọ̀fẹ́, CentOS 7 sì ti dópin ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ní ti owó dátà, ẹ fi `apt-cacher-ng` sórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ yín. Òun á fa àtúnṣe wọlé lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á sì máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

“Mo ní bákọ́ọ̀pù. Dísìkì méjì ló wà nínú sáfà náà.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé dísìkì méjì tí a so pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RAID, ń gbà yín lọ́wọ́ dísìkì tó bá kú. Kò gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó bá pa fáìlì rẹ́, nítorí pé ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí èkíní ti rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú náà ti ṣubú síbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, ní GitLab tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, òṣìṣẹ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ wọ òru fẹ́ pa fódà kan rẹ́ lórí sáfà kejì. Sáfà àkọ́kọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tó fi rí i tó sì dá a dúró, nǹkan bíi GB 300 ti lọ, ó ku 4.5. Ọ̀nà bákọ́ọ̀pù márùn-ún ni wọ́n ní, kò sì sí èyí tó ṣeé gbára lé nínú wọn. Èyí tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ti ń kùnà tipẹ́, ìméèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ṣèèṣì mú ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ. Ohun tó wọlé láàárín wákàtí mẹ́fà náà kò padà mọ́. GitLab fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo èyí síta fún aráyé, ohun tó yẹ ká yìn wọ́n fún ni.

Ìlú Ìbàdàn kò nílò GitLab láti mọ ìdí tí ẹ̀dà méjì kò fi gbọdọ̀ wà nínú ilé kan náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ya ìlú. Omíyalé gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ìwé àti dúkìá inú ilé sì bá a lọ. Ẹni tó kó ojúlówó àti ẹ̀dà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà lọ́jọ́ náà pàdánù méjèèjì.

Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ kó wà: èyí tí ẹ ń lò, èyí tó wà lórí dísìkì mìíràn, àti èyí tó wà ní àdúgbò mìíràn. Bí sáfà bá wà ní Ọjà'ba, kí ẹ̀dà kẹta wà ní Mọ́níyà tàbí lórí sáfà tí ẹ yá níta. `rsync` á gbé fáìlì lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi `--delete` sí i, ẹ kọ́kọ́ fi `-nv` dán an wò kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Fún PostgreSQL, ẹ lo `pg_dump`. Fún MySQL, ẹ lo `mysqldump`. Ẹni tó bá kàn da fáìlì wọn kọ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí ìdajì òótọ́ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ máa dá bákọ́ọ̀pù padà sórí ẹ̀rọ mìíràn lóṣooṣù, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wá orúkọ ọmọ kan tàbí owó ẹnìkan nínú rẹ̀. Bákọ́ọ̀pù tí ẹ kò tíì dá padà rí, ìrètí lásán ni.

“RAM ti kún, ẹ lọ ra òmíràn.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Linux kì í jẹ́ kí RAM ṣòfò. Àyè tí ètò kankan kò bá lò, ó ń fi tọ́jú fáìlì tó ti kà, kó lè tètè rí i bí wọ́n bá tún béèrè. Bí ètò kan bá wá nílò àyè, ó máa ń tú u sílẹ̀. Ẹ tẹ `free -h`, kí ẹ fojú fo ibi tí wọ́n kọ “free” sí, ibi tí wọ́n kọ “available” sí ni kí ẹ kà. Bí RAM bá kéré ní tòótọ́, ẹ̀rọ á sọ fún yín: `sudo journalctl -k | grep -i "out of memory"`. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín.

“Mo ti pa fáìlì log ńlá náà rẹ́, dísìkì ṣì kún. Ẹ̀rọ yìí ń purọ́.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ fáìlì lẹ pa rẹ́. Bí ètò kan bá ṣì di fáìlì náà mú, àyè rẹ̀ kò tíì tú sílẹ̀. `sudo lsof +L1` á fi ètò náà hàn yín. Ẹ fi `systemctl restart` tún ètò yẹn nìkan bẹ̀rẹ̀, àyè á sì padà wá. Bí `df -h` bá sọ pé àyè wà síbẹ̀ tí ẹ kò lè kọ fáìlì tuntun, ẹ tẹ `df -i`: fáìlì kéékèèké tó pọ̀ jù lè ti gba gbogbo nọ́ńbà tí dísìkì ní láti fún fáìlì. Kí ọ̀rọ̀ má tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí `logrotate` máa gé àkọsílẹ̀ kù, kí ẹ sì fi `journalctl --vacuum-size=500M` dín èyí tó ti jọ kù.

“Bí wẹ́ẹ̀bù bá kọ̀, chmod 777 ló ń yanjú ẹ̀.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó máa ń ṣiṣẹ́, ewu rẹ̀ sì nìyẹn. Ohun tí 777 ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ náà lè kà á, lè kọ ọ́, lè mú un ṣiṣẹ́. Bí olè bá rí ihò kékeré kan nínú wẹ́ẹ̀bù yín, ẹ ti fún un ní gbogbo fódà. Ìṣòro gidi, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ẹni tó ni fáìlì. Ètò wẹ́ẹ̀bù lórí Debian àti Ubuntu ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ `www-data`. Ẹ fi `namei -l` àti ọ̀nà fáìlì náà wo fódà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ibi tí ọ̀nà ti dí. Fódà 755, fáìlì 644, kí `www-data` sì ní kìkì ibi tí wọ́n ń kó àwòrán àti ìwé sí. Ó tó.

“Linux kò bìkítà fún NEPA. Iná lè lọ bó ṣe wù ú.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ext4, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, ní ìwé ìrántí kan tó ń jẹ́ kó tètè jí lẹ́yìn tí iná bá já. Ṣùgbọ́n ìtòlẹ́sẹẹsẹ dísìkì ni ìwé ìrántí yẹn ń dáàbò bò. Ohun tí akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tó ṣì wà nínú RAM, bá iná lọ. Ẹ ra UPS tó ní okùn USB, kí ẹ sì fi ètò tó ń jẹ́ NUT sórí sáfà. Bí bátìrì bá fẹ́ tán, NUT á pa sáfà jẹ́ẹ́jẹ́ kó tó kú lójijì.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ tún ń ba agogo jẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni bátìrì CR2032 inú rẹ̀ ti kú kó tó dé èbúté, nítorí náà bí iná bá lọ, agogo á padà sí ọdún tó ti kọjá. Àwọn ènìyàn á wá ní “íntánẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́,” nítorí pé wẹ́ẹ̀bù tó ní àgádágodo kò ṣí mọ́. Ìwé ẹ̀rí wẹ́ẹ̀bù ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin, bí ọjọ́ tí ẹ̀rọ yín ń kà kò bá sí láàárín méjèèjì, ẹ̀rọ kò ní gbà á. Bátìrì kékeré náà kò wọ́n. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tẹ `sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos`, kí ẹ sì fi `chrony` sí i. Àkọsílẹ̀ tí aago rẹ̀ kò pé kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun.

“Ẹ pa á, kí ẹ tún un tan. Bí kò bá gbọ́, ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé pípa-àti-títàn máa ń mú ìṣòro lọ fún ìgbà díẹ̀, òun náà ló sì máa ń pa ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Ìṣòro tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ yóò padà wá, lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé bá dúró tì yín. Mi ò bá ẹni tó gbàdúrà lé sáfà jà. Mo kàn fẹ́ kó ka àkọsílẹ̀ pẹ̀lú. `systemctl --failed` á sọ ohun tó kùnà. `systemctl status` pẹ̀lú orúkọ ètò náà á sọ ìgbà tó kùnà. `journalctl -u` pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ á sọ ohun tó rí kó tó ṣubú. Bí ẹ bá ti pa á tí ẹ sì ti tún un tan, ẹ tẹ `journalctl -b -1` láti ka ìgbésí ayé rẹ̀ kó tó kú. Bí ó bá ní kò sí nǹkan, ẹ dá fódà `/var/log/journal` sílẹ̀, kí ẹ tún `systemd-journald` bẹ̀rẹ̀, kó lè máa tọ́jú rẹ̀ láti òní lọ. Ẹni tí ẹ̀ ń fura sí ní àdúgbò kò mọ nǹkan kan nípa àmì ìdádúró tí ẹ gbàgbé nínú fáìlì ètò wẹ́ẹ̀bù nginx. `sudo nginx -t` mọ̀ ọ́n, ó sì mọ ìlà tó wà.

“Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ni èyí, kì í ṣe tiwa.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Linux ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá tó ń tajà ní Ọjà'ba, nítorí pé òun ló wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android. Òun náà ló ń darí gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù láyé láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Ọ̀kan náà ni. Debian kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní RAM GB kan sì tó láti kọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹ kò bá fi ojú iṣẹ́ alàwòrán (desktop) sí i. Ìwé rẹ̀ wà nínú rẹ̀: ẹ tẹ `man` àti orúkọ àṣẹ yòówù, kódà bí dátà kò sí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ju ìwé ẹ̀rí lọ ni àṣà wíwádìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL rí i pé ìwọlé SSH lórí ẹ̀rọ tó fi ń dán iṣẹ́ wò ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ààbò kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè gbójú fò ó, ṣùgbọ́n ó wá ìdí rẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnìkan ti fi ọgbọ́n kọ́ sínú ohun èlò kan tó ń jẹ́ xz, tó ti ń sún mọ́ àwọn ẹ̀dà Linux tí gbogbo ayé ń lò. Ó kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù náà, wọ́n sì dí i kó tó tàn ká. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà kan ṣoṣo ní Bẹẹrẹ lè ní irú àṣà yẹn láìná kọ́bọ̀. Kó ka àkọsílẹ̀ láràárọ̀, kó fi àtúnṣe sórí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀, kó dá bákọ́ọ̀pù padà lóṣooṣù, kó sì kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ láti máa béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá.